Oscar Hammerstein: Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí adùn ìró gba ipò ìtumọ̀ nínú orin

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé wọn, ní pápá Anfield, orin kan wà tí gbogbo èrò ibẹ̀ máa ń kọ. Wọn yóò na aṣọ pupa tí wọ́n fi ń wé ọrùn sókè, wọn yóò pa ohùn pọ̀, wọn yóò sì fa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn orin náà gùn títí tí orí ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò fi wú. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta náà mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń bá wọn gbè é níwájú tẹlifíṣàn. 'You'll Never Walk Alone' ni wọ́n ń pe orin náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹni tó sì wá ọ̀rọ̀ sí i kì í ṣe ará Liverpool. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, Oscar Hammerstein Kejì lorúkọ rẹ̀, inú eré orí ìtàgé kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1945 ni orin náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Hammerstein fi nǹkan bí ogójì ọdún ṣe ni pé kí ó máa kọ eré, kí ó sì máa wá ọ̀rọ̀ sí orin inú rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń ṣe ohùn orin. Àwọn mìíràn ló ń jókòó sídìí dùùrù, tirẹ̀ ni kí ó wá ohun tí ẹni tó ń kọrin yóò fi ẹnu wí. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà mìíràn ju oṣù kan lọ, lórí ọ̀rọ̀ orin tí wọn yóò kọ tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó sì gbà á lọ́kàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ìṣòro tó ń bá gbogbo ẹni tó ń kọ orin Gẹ̀ẹ́sì fínra: bí ìparí ìlà kan yóò ṣe bá ìparí ìlà mìíràn dún bákan náà, láìjẹ́ pé ìtumọ̀ orin forí fá a.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni dáadáa, nítorí pé orin Yorùbá kò gbára lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ṣe kókó nínú orin tiwa. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ní kó lọ sílẹ̀, ọkọ̀ tí ènìyàn ń wọ̀ lè di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Olórin Yorùbá tó bá ti jẹ́ kí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ jọ rìn pọ̀ ti ṣe ohun tó yẹ, kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé tí ìparí ìlà kìn-ín-ní kò dún bíi ti ìlà kejì. Ti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Etí àwọn tó ni èdè náà ti mọ́ orin tí ọ̀rọ̀ tó parí ìlà kan àti èyí tó parí ìlà mìíràn bá jọ ń dún bí ìbejì, bí wọn kò bá sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé olórin náà kò parí iṣẹ́ rẹ̀.

Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn olórin Gẹ̀ẹ́sì ń lò, bóyá ni ọ̀kan wà tó wọ́pọ̀ tó 'love', ìyẹn ìfẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó bá a dún kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà lọ. 'Above' wà níbẹ̀, tó túmọ̀ sí òkè. 'Dove' wà níbẹ̀, ìyẹn àdàbà. 'Glove' wà níbẹ̀, ìyẹn ìbọ̀wọ́. 'Shove' náà wà níbẹ̀, ìyẹn kí ènìyàn ti ẹlòmíràn síwájú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nínú àìmọye orin ìfẹ́ àwọn òyìnbó, bí olólùfẹ́ kan bá ti lè dárúkọ ìfẹ́ báyìí, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbójú sókè wo ọ̀run, tàbí kí àdàbà kan ṣàdédé fò kọjá. Àdàbà náà kò ní iṣẹ́ kankan tó wá ṣe níbẹ̀. Ìró orúkọ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ohun tí Hammerstein fi ìgbésí ayé rẹ̀ bá jà nìyẹn, ìjà náà kò sì yé e bọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 1895 ni wọ́n bí i nílùú New York. Inú ilé eré ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Oscar Hammerstein, ti ilẹ̀ Jámánì wá sí Amẹ́ríkà, ó rí owó nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe sìgá, ó sì ń kó owó náà lé kíkọ́ ilé eré àti ilé ọpẹ́rà lórí. William, bàbá ọmọ náà, ló ń bójú tó ilé eré kan tí wọ́n ń pè ní Victoria, Arthur tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ náà sì ń gbé eré jáde. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ náà bá wọn ṣe iṣẹ́ ìdílé. Ohun tó fẹ́ ni kó kàwé, kó sì di lọ́yà. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 1910, bàbá rẹ̀ náà kú lọ́dún 1914, nígbà tí ọmọ ń lọ sí Yunifásítì Columbia.

Oscar gbìyànjú láti mú ìfẹ́ bàbá rẹ̀ ṣẹ. Ó kọ́ nípa òfin, ó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìdílé kò jẹ́ kó simi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní yunifásítì. Lọ́dún 1917, ó pa iṣẹ́ òfin tì, ó lọ bá Arthur, ó bẹ̀ ẹ́ kó fún òun níṣẹ́. Ẹ̀yìn ìtàgé ni wọ́n ti ní kó bẹ̀rẹ̀, níbi tí yóò ti máa rí i pé gbogbo nǹkan lọ létòlétò, tí yóò sì máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Arthur ló tún fà á lé ọwọ́ Otto Harbach, àgbà òǹkọ̀wé kan tó kọ́ ọ pé orin inú eré gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi wà níbẹ̀, kó jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ló bí i.

Láàárín ọdún 1920 sí 1927, Hammerstein di ẹni tí àwọn ènìyàn mọ̀. Ó wà lára àwọn tó kọ 'Rose-Marie', tó jáde lọ́dún 1924, àti 'The Desert Song', tó jáde lọ́dún 1926. Rudolf Friml tó wá láti ìlú Prague àti Sigmund Romberg tó wá láti ilẹ̀ Hungary wà lára àwọn tó ń ṣe ohùn orin fún un nígbà náà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ohùn orin ló ń kọ́kọ́ wáyé, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ yóò sì máa wá èyí tó bá a mu. Ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n ti rán aṣọ rẹ̀ kí wọ́n tó wọn ara rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣòro tó o, nítorí pé bí ohùn orin bá ti yan ibi tí ìlà yóò parí sí, ọ̀rọ̀ tó bá a dún kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́, èyí tí ènìyàn bá sì rí náà ni yóò mú.

Ọjọ́ 27, oṣù kejìlá, ọdún 1927 ni eré 'Show Boat' bẹ̀rẹ̀ ní Broadway, ìyẹn àdúgbò àwọn ilé eré ńlá ní New York. Jerome Kern ló ṣe ohùn orin rẹ̀, inú ìwé ìtàn tí Edna Ferber kọ ni wọ́n sì ti fa eré náà yọ. Ó sọ nípa ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí odò Mississippi, ó sì sọ nípa ìyà tó ń jẹ ènìyàn dúdú láyìíká odò náà, ohun tí eré olórin nígbà náà kì í sábà dá sí. Níbẹ̀ ni Hammerstein ti kọ 'Ol' Man River', orin òṣìṣẹ́ dúdú kan tó ń gbé ẹrù òwú létí odò tí kò bìkítà fún wàhálà ọmọ aráyé.

Bí ènìyàn bá fetí sí orin yìí, yóò rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ tó bára dún nínú rẹ̀ kò pọ̀. Dípò kí Hammerstein máa wá ìbejì fún ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún pè, tàbí kó lo èyí tí ìró rẹ̀ kàn fara jọ ọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, tí òógùn ń bò, kò ní í máa fi ọ̀rọ̀ dárà. Bí etí àwọn tó ń gbọ́ bá sì ti ń sáré tẹ̀lé ìró tó bára mu, ọkàn wọn yóò kúrò lórí ìtàn tí orin ń sọ. Jules Bledsoe ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní New York, ṣùgbọ́n Paul Robeson, ọkùnrin dúdú olóhùn iyebíye nì, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, nígbà tó kọ ọ́ ní London lọ́dún 1928 àti nínú fíìmù ọdún 1936.

A kò lè sọ pé iṣẹ́ náà kò ní àléébù. Ọ̀rọ̀ àbùkù tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń pe ènìyàn dúdú wà nínú orin náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yìn ọ̀rẹ̀yìn ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Robeson fúnra rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń di ajìjàgbara sí i, ó yí àwọn ọ̀rọ̀ kan padà, orin ẹni tí ó ti rẹ̀ sì di orin ẹni tó ń jà lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn 'Show Boat', ìgbà dé tí nǹkan kò lọ déédéé fún Hammerstein mọ́. Fún bí ọdún mẹ́wàá, eré rẹ̀ ń ṣubú tẹ̀lé ara wọn. Ó lọ sí Hollywood, owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yọrí bó ṣe fẹ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Lọ́dún 1939, òun àti Kern gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní 'Very Warm for May'. Ìgbà 59 péré ni wọ́n ṣe é tó fi kógbá sílé.

Ṣùgbọ́n orin kan jáde láti inú eré tó kú yìí, tí kò bá a kú. 'All the Things You Are' ni, títí di òní sì ni àwọn tó ń ta jáàsì ń lò ó. Orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùkù lójú àwọn ènìyàn, àfi lójú ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Lápá ìparí, Hammerstein nílò ọ̀rọ̀ kan tí yóò bá 'mine' dún, ìyẹn 'tèmi'. 'Divine' ni ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ohun mímọ́, tí àwọn olórin ìfẹ́ sì ti lò títí tí adùn rẹ̀ fi tán. Hammerstein kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó wá òmíràn títí, kò rí. Gbogbo ìtumọ̀ orin náà ló so mọ́ 'mine', kò sì lè yọ ọ́. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, ó fi 'divine' sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nígbà tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn.

Lóṣù kẹfà ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ìlú Paris. Ọ̀rọ̀ náà dun Hammerstein wọra, ó sì jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ orin kan nípa ìlú náà láìsí ohùn orin kankan nílẹ̀. Ó fún Kern, Kern sì wá ohùn sí i. Wọ́n lo 'The Last Time I Saw Paris' nínú fíìmù kan lọ́dún 1941, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar. Ohun tó fara sin nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ló ṣáájú. Kò sí ohùn orin tó ti pàṣẹ ibi tí ìlà gbọ́dọ̀ parí sí, ẹni tó ń kọ ọ́ ló yan ọ̀rọ̀ tí yóò gbé síbẹ̀.

Ọ̀nà yìí ló wá di ti Hammerstein nígbà tí Richard Rodgers wá pè é pé kí àwọn jọ ṣiṣẹ́. Lorenz Hart ni Rodgers ti ń bá ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Bí ẹja ṣe rí nínú omi ni Hart rí bó bá di pé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó bára dún. A máa kó mẹ́ta, a máa kó mẹ́rin sínú ìlà kan ṣoṣo, àwọn tó ń gbọ́ ọ yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọtí ti ń bá Hart jà, lóṣù kọkànlá ọdún 1943 ló sì kú. Hammerstein kò bá a du irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ló gbà.

Eré tí òun àti Rodgers kọ́kọ́ jọ ṣe ni 'Oklahoma!', tó bẹ̀rẹ̀ ní Broadway lọ́jọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 1943. Hammerstein yóò kọ ọ̀rọ̀ tán, yóò fi ránṣẹ́ sí Rodgers, ìyẹn yóò sì wá ohùn orin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe ọ̀rọ̀ orin tó ṣí eré náà. Ó tilẹ̀ lọ wo oko àgbàdo tó wà nítòsí ilé rẹ̀ ní Pennsylvania, nítorí ó fẹ́ fi gíga àgbàdo wé gíga ẹranko kan nínú orin náà. Ẹranko tó kọ́kọ́ ní lọ́kàn kúrú ju àgbàdo tó rí lọ, ó sì ní láti fi erin rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ Rodgers, kò gbà á ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi wá ohùn sí i.

Inú eré yìí kan náà ni Hammerstein ti dojú kọ 'love' gan-an. Ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn kọ́kọ́ sọ ọ́. Nínú 'People Will Say We're in Love', ńṣe ni wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n yé ṣe ohun tí yóò mú kí àwọn ará àdúgbò fura. Ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́, ló parí àkọ́kọ́, òun náà ló parí ìkejì, ṣùgbọ́n Hammerstein kò wá ìbejì fún un. Ó jẹ́ kó dá dúró, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn tó bára mu sí àwọn ìlà tó ṣáájú rẹ̀, kí etí má bàa ṣe aláìní. Ìgbà tí orin ń lọ sópin ló tó mú ọ̀kan jáde nínú ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀. Kò mú àdàbà, kò sì wo ọ̀run. 'Glove' ló mú, ìbọ̀wọ́ ọmọbìnrin náà tó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin, tí ọmọbìnrin sì ní kó dá a padà. Irú ohun ìrántí bẹ́ẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ máa ń fi pamọ́. Ìbọ̀wọ́ yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìtàn. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tilẹ̀ bá 'love' dún, ààyè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà 2,212 ni wọ́n ṣe 'Oklahoma!' ní Broadway. Lóṣù kejìlá ọdún 1943 yìí kan náà ni 'Carmen Jones' tún jáde, èyí tí Hammerstein fi ọ̀rọ̀ tuntun sí ohùn orin ọpẹ́rà 'Carmen' tí Bizet ṣe, tó sì jẹ́ pé òṣèré dúdú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá máa fọ́nnu. Ohun tí Hammerstein ṣe ni pé ó ra ààyè nínú ìwé ìròyìn Variety ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, ó to orúkọ àwọn eré rẹ̀ tó ti ṣubú síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rán gbogbo ayé létí pé bí òun ti ṣe é rí, òun ṣì tún lè ṣe é.

Lọ́dún 1945, wọ́n gbé 'Carousel' jáde. Inú rẹ̀ ni 'If I Loved You' wà, orin ẹni tó ń sọ ohun tí òun ì bá ṣe ká ní òun fẹ́ràn ẹnìkejì, nígbà tó sì jẹ́ pé ó ti fẹ́ràn rẹ̀ tán. Hammerstein kò tilẹ̀ wá ìbejì kankan fún gbólóhùn tó fi ṣe orúkọ orin náà. Gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ ló ń padà wá, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Orin méjì mìíràn nínú eré yìí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ tó ju ti ìró tó bára mu lọ. Ọ̀kan ni 'What's the Use of Wond'rin''. Ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀ ni 'talk', tí kọ́ńsónáǹtì 'k' sì pa ẹnu dé. Hammerstein gbà pé ohun tí kò jẹ́ kí orin náà tàn kálẹ̀ bó ṣe yẹ nìyẹn, nítorí pé olórin kò rí ibi tí yóò ti la ẹnu, kó fa ohùn gùn níparí. Ìkejì ni 'You'll Never Walk Alone'. Ọ̀rọ̀ tó parí èyí ní fáwẹ̀lì tí ènìyàn lè fà bó bá ṣe wù ú, kí gbogbo èrò sì fà á pọ̀. Nígbà tí Gerry and the Pacemakers, ẹgbẹ́ olórin kan nílùú Liverpool, gbé e jáde lọ́dún 1963, àwọn tó ń lọ sí Anfield gbà á, wọn kò sì fi sílẹ̀ mọ́.

Lọ́dún 1949, Hammerstein kó ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tó pè ní 'Lyrics', ó sì kọ àlàyé gígùn síwájú rẹ̀. Ó sọ nípa ìwé tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dún bákan náà sí, èyí tí àwọn tó ń kọ orin máa ń ṣí bí ọ̀rọ̀ bá há. Kò sọ pé kò dára, òun náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ wo inú orí ara rẹ̀ títí tí kò fi ní í rí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́, kó tó ṣí ìwé náà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ìró nìkan ni ìwé náà mọ̀, kò mọ ẹni tó ń kọrin, kò sì mọ ohun tó ń dùn ún.

Ó tún sọ nípa àwòrán kan tó rí, tí wọ́n yà láti òkè, tó fi àtàrí ère Liberty tó wà létí òkun New York hàn. Ó yà á lẹ́nu pé ẹni tó gbẹ́ ère náà fara balẹ̀ ṣe irun orí rẹ̀ létòlétò, bẹ́ẹ̀ ọdún 1886 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí kò sí ọkọ̀ òfuurufú tí ẹnikẹ́ni lè fi wo orí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó fà yọ níbẹ̀ ni pé kí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ibi tí ojú kò tó dáadáa bíi ti ibi tí ojú tó.

Ọdún 1949 yìí náà ni 'South Pacific' jáde, tó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún 1950. Orin kúkúrú kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ pé a kì í bí ìkórìíra ẹ̀yà mọ́ ènìyàn, wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ọmọdé mọ̀ ni Hammerstein lò, àwọn tó bára dún nínú rẹ̀ sì dà bí orin tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ohun tó mú kí ó gún ọkàn nìyẹn. Lọ́dún 1953, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe eré náà ní Atlanta, inú bí àwọn aṣòfin kan ní ìpínlẹ̀ Georgia sí orin yìí débi tí wọ́n fi gbé àbá òfin dìde lòdì sí irú eré bẹ́ẹ̀. Hammerstein àti Rodgers kò yọ ọ́ kúrò.

Oko kan ní Doylestown, ní Pennsylvania, ni Hammerstein ń gbé pẹ̀lú Dorothy, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ọsirélíà. Ọmọdékùnrin kan ń gbé nítòsí wọn, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ni, Stephen Sondheim lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ bí ọdún 15, ó kọ eré olórin kan nílé ìwé, ó gbé e wá fún Hammerstein, ó sì ní kó kà á bíi pé kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Hammerstein kò pọ́n ọn lé. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé eré náà kò dára rárá. Lẹ́yìn náà ló wá fi odidi ọ̀sán kan là á yé e, láti ojú ewé àkọ́kọ́, ìdí tí kò fi dára. Sondheim sọ títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé òun kọ́ ohun tó pọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ju èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi gbogbo ayé wọn kọ́ lọ. Òun ló wá kọ ọ̀rọ̀ orin 'West Side Story' lọ́dún 1957, ó sì di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà kó tó kú lọ́dún 2021.

Iṣẹ́ kò rọrùn fún Hammerstein títí dé òpin. 'Hello, Young Lovers', tó wà nínú 'The King and I' ọdún 1951, gbà á ju oṣù kan lọ. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1959, nígbà tí wọ́n ń múra 'The Sound of Music' sílẹ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ti mú un ní ikùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ń dán eré náà wò ní Boston, wọ́n rí i pé orin kan ṣì kù tí bàbá inú ìtàn náà yóò fi dágbére fún ilẹ̀ rẹ̀. Hammerstein kọ 'Edelweiss', orúkọ òdòdó funfun kékeré kan tó ń hù lórí òkè ńlá. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó bára dún níbẹ̀ sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé orin àbáláyé ilẹ̀ Austria ni. Òun ni ọ̀rọ̀ orin tó kọ kẹ́yìn.

Ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 1960 ló kú nílé rẹ̀ ní Doylestown, lẹ́ni ọdún 65. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n pa iná Times Square ní New York fún ìṣẹ́jú kan láti fi bu ọlá fún un. Ní London náà, wọ́n dín iná àwọn ilé eré kù.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. 'Divine' ṣì wà níparí 'All the Things You Are' títí di òní olónìí, níbi tí Hammerstein fi í sí lọ́dún 1939. Àwọn olórin ń kọ ọ́, àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, bóyá ni ẹnì kan nínú wọn sì fura pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ wá àrọ́pò rẹ̀ títí, tí kò rí, tí kò sì purọ́ pé òun rí i.